504 Àbí Corolla: Èwo Ló Yẹ Ọlọ́jà?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, ọ̀rọ̀ mọ́tò ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàárín wa. Ìyá wa kan tó ń ta tòmátì fẹ́ ta Peugeot 504 tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀, kó fi ra Toyota Corolla tọ́kúnbọ̀. Ó ní ká gba òun nímọ̀ràn.

Ẹ má fojú di 504 o! Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé e jáde. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ọ̀gá ìjọba gùn ún, awakọ̀ èrò náà gùn ún. Ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, kòtò ọ̀nà oko kò dẹ́rù bà á. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, tí a bá wá di ẹrù sí búùtù, ńṣe ló túbọ̀ ń tẹlẹ̀ dáadáa. Kábúrétọ̀ ló wà nínú ti ìyá wa yìí. Mẹkáníìkì abẹ́ igi á tú u, á fọ̀ ọ́, á dá a padà kéèyàn tó jẹ ẹ̀bà tán.

Àmọ́ epo ńkọ́? Háà! Kábúrétọ̀ kì í wọn epo bíi kọ̀ǹpútà inú Corolla. Corolla ọdún 2005 tí wọ́n fi hàn án tún ní báàgì aláfẹ́fẹ́ tó ń wú síwájú awakọ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. 504 kò nírú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, òòlù kò ràn án. Ọ̀kan nínú wa gbé ọkọ̀ kékeré tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ó pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta, owó ń lọ, iná ò kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi lè kó ọjà. Àṣé wáyà kan ló já!

Ìyá wa kì í lọ oko mọ́, ilé sí ọjà ló ń rìn. Ìyẹn la ṣe ní kó ra Corolla, ṣùgbọ́n kó mú ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò dání kó tó sanwó, kó sì wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù dáadáa. Ó ti gbà. Ó kàn ní òun ò ní lè wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé 504 ọkọ òun lọ. Àwa mẹ́ta la máa bá a dúró.