Ẹ fẹ́ gbé mọ́tò yín sókè torí ọ̀nà Ajah? Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó bá a mu

Tí òjò bá ti rọ̀ fún wákàtí méjì péré, ẹni tó ń gbé Thomas Estate ní Ajah ti mọ ohun tó ń dúró dè é níta. Omi á ti bo kòtò mọ́lẹ̀, èèyàn ò ní mọ ibi tí títì parí sí tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mọ́tò kéékèèké á sì máa fi ikùn ha ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò fi ń bi mẹkáníìkì wọn pé, "Ṣé ẹ lè bá mi gbé e sókè díẹ̀?"

Ó ṣeé ṣe o. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé mọ́tò sókè kì í ṣe ẹyọ kan, owó wọn kò dọ́gba, ewu wọn náà kò sì jọra. Èyí tó dáa fún Hilux lè ba Corolla jẹ́.

Irú mọ́tò wo lẹ ní?

Mọ́tò pín sí oríṣi méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní chassis, ìyẹn àwọn irin gbọọrọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbé bọ́dì lé lórí. Toyota Hilux, Prado, 4Runner àti Lexus GX wà lára wọn. Ìkejì ni èyí tí bọ́dì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, bíi Corolla, Camry, RAV4, Highlander àti Honda CR-V. Pé àwọn èèyàn ń pe mọ́tò ní jíìpù kò túmọ̀ sí pé ó ní chassis. Ẹ bi mẹkáníìkì yín kí ẹ tó náwó.

1. Spacer: èyí tí wọ́n ń há sí ẹsẹ̀ mọ́tò

Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Irin tàbí rọ́bà líle ni wọ́n máa ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì tàbí sórí sípíríǹgì. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò yí padà, nítorí náà tí wọ́n bá ti gbó, ẹ kò tíì yanjú ohunkóhun. Kẹ́ ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá.

Ẹ tún kíyè sí èyí: lára Hilux àti Prado, spacer tó nípọn ní íǹṣì kan, tí wọ́n bá fi sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú, máa ń gbé iwájú mọ́tò sókè tó nǹkan bí íǹṣì méjì. Ìdí ni pé ṣọ́ọ̀kì náà kò dúró níbi tí táyà wà gan-an, inú lọ́hùn-ún ló ti so mọ́ irin apá ìsàlẹ̀. Torí náà, iye tí mọ́tò máa fi ga ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má wo bí irin náà ṣe nípọn tó nìkan.

Ní ti rọ́bà tí àwọn kan ń ki sáàárín sípíríǹgì Corolla, ó lè já bọ́ lójú ọ̀nà, ó sì máa ń jẹ́ kí mọ́tò le gbagidi.

2. Pípààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì

Níbí, wọ́n á yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n á fi èyí tó gùn díẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ara wọn sí i. Owó rẹ̀ ju ti spacer lọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun ló máa ń jẹ́ kí mọ́tò ga kó sì tún rìn dáadáa nínú kòtò. Ilẹ̀ Australia ni díẹ̀ lára àwọn tó lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ yìí ti wá, bíi ARB tó ń ta Old Man Emu, àti Ironman 4x4.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù níbí ni ẹrù. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún Hilux tó ń kó sìmẹ́ńtì máa le jù fún Hilux tó jẹ́ pé olówó rẹ̀ nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á kò bá bi yín nípa ẹrù tẹ́ ẹ máa ń gbé, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

3. Gbígbé bọ́dì kúrò lórí chassis

Mọ́tò tó ní chassis nìkan ló lè gba èyí. Wọ́n á fi nǹkan líle sáàárín bọ́dì àti chassis, ààyè táyà ńlá á sì wà. Àmọ́ chassis, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Tó bá jẹ́ pé ikùn mọ́tò tó ń gbálẹ̀ ló ń dà yín láàmú, èyí nìkan kò ní ràn yín lọ́wọ́.

4. Èyí tó ga gan-an, íǹṣì mẹ́rin sókè

Wọ́n máa ń pààrọ̀ irin apá ìsàlẹ̀, nígbà míì wọ́n á tún gé irin, wọ́n á jó o pọ̀. Àwọn tó ń fi mọ́tò ṣeré nínú ẹrẹ̀ àti orí àpáta ló wà fún. Mọ́tò tó bá ga tó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dojú dé tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́ǹà lójijì lórí ọ̀nà Lekki sí Epe.

Gíga kì í sọ mọ́tò di ọkọ̀ ojú omi

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Íǹṣì méjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré. Omi tó ya wọ Lekki ní oṣù Keje ọdún 2017, àti èyí tó tún dé lọ́jọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2024, kò ka ìyẹn sí.

Tí omi bá gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Tí mọ́tò bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un sítáàtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í tàbí kí wọ́n fà á jáde.

Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé omi tó ń ṣàn, tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké lọ, tó bá sì tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó lè gbé jíìpù.

Ohun míì tún ni pé axle ẹ̀yìn Hilux kò ní gbéra torí pé ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì. Táyà tó tóbi nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá sì fi táyà ńlá sí i, eré tí mọ́tò ń sá máa ju èyí tí aago iwájú yín ń kà lọ.

Tí wọ́n bá gbé e tán

Ẹ rí i pé wọ́n ṣe alignment lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ okùn bíréèkì wò, kó má fà jù. Kí wọ́n yẹ rọ́bà tó bo ṣáfútì táyà iwájú wò pẹ̀lú, torí tó bá ya, gíríìsì á jáde, ṣáfútì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí wọ́n tẹ iná iwájú wálẹ̀, kó má baà máa wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ kí wọ́n tún àwọn bóòtù dì.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Fún ẹni tó ní Hilux, Prado tàbí 4Runner ní Thomas Estate, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tó máa gbé e ní íǹṣì méjì ti tó. Fún Corolla, RAV4 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti búṣì tó ti gbó. Mọ́tò tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀, òmíì á sì padà sí bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ láìfi spacer kankan sí i. Tí kò bá tíì tó, spacer tó máa gbé e ní íǹṣì kan kò burú.

Lọ́jọ́ tí omi bá sì ti bo táyà mọ́tò tó wà níwájú yín dé ìdajì, ẹ yí padà, bó ti wù kí tiyín ga tó.