Ṣé O Mọ̀? Kore, Sore, Are: Bí Wọ́n Ṣe Ń Nàka sí Nǹkan ní Èdè Japan

Ṣé o mọ̀ pé ní èdè Japan, èèyàn kì í sọ pé “èyí” tàbí “ìyẹn” láìwo ibi tí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà? Ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ ni kore. Ohun tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ni sore. Èyí tó jìnnà sí ẹ̀yin méjèèjì ni are. Bí o bá fẹ́ béèrè pé èwo ni, dore ni.

Ṣé o mọ̀ pé ohun kan náà lè jẹ́ kore lẹ́nu ẹnì kan, kó sì jẹ́ sore lẹ́nu ẹnì kejì? Bí ẹja bá wà níwájú ẹni tó ń tà á, “Sore o kudasai” ni oníbàárà máa sọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìyẹn. Ẹlẹ́ja á gbé e sókè, á ní “Kore desu ka?” Ṣé èyí ni? Oníbàárà á ní “Hai, sore desu”: bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ni. Bó o bá ń kọ́ èdè yìí, má fi kore dá kore lóhùn torí pé òun lo gbọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kò tíì dé ọwọ́ rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yìn ara rẹ pàápàá lè di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì? Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní ẹnì kan ń bá ọ họ ẹ̀yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ wá bọ́ sí ibi tó ń yún ọ gan-an. O kò ní sọ pé koko, “ibí”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ ni. “Soko, soko!” lo máa pariwo. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ dókítà: “Koko ga itai desu ka?” Ṣé ibí ló ń dùn yín? Aláìsàn á ní soko. Ẹni tí nǹkan wà níkàáwọ́ rẹ̀ lásìkò náà ni èdè yìí ń wò, kì í ṣe ẹni tó ni ín.

Ṣé o mọ̀ pé agboolé ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ? Ko-so-a-do ni. Sakuma Kanae, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1936. Àlàyé tó ti wà ṣáájú ni pé sore wà láàárín, kò sún mọ́, kò sì jìnnà. Sakuma so ko mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó so so mọ́ ẹni tó ń gbọ́, ó sì fi a fún ìyókù.

Ṣé o mọ̀ pé orí mẹ́rin yẹn ń bí ọ̀rọ̀ tó lé ní ogún? Ibi: koko, soko, asoko, doko. Irú: konna, sonna, anna, donna. Ọ̀nà: kō, sō, ā, dō. Asoko nìkan ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Má sọ pé “ako”. Kono kì í dá dúró, orúkọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: kono hon, ìwé yìí. Tiwa ń gbẹ̀yìn orúkọ, tiwọn ń ṣáájú. Minna no Nihongo, ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń lò, fi kore, sore àti are sí ẹ̀kọ́ kejì, ó sì fi koko, soko àti asoko sí ẹ̀kọ́ kẹta.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá náà ní mẹ́ta: níbí, níbẹ̀, lọ́hùn-ún? Àmọ́ níbẹ̀ tiwa kò béèrè bóyá ẹni tó ń gbọ́ wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí aládùúgbò bá béèrè pé “Dochira e?”, níbo lẹ dorí kọ, ìdáhùn tó ti mọ́ wọn lẹ́nu ni “Chotto soko made”, ibì kan níbẹ̀ yẹn náà ni? Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí o dárúkọ ibẹ̀. Ìkíni ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìrántí náà ní ọ̀dọ̀? Ẹni tí èmi àtìwọ jọ mọ̀ ni ano hito. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló mọ̀ ọ́n, sono hito ni.

Ṣé o mọ̀ pé àrífín ni kí o fi kore mú àlejò mọ àwọn èèyàn? Kochira ni ká sọ. Koitsu, “eléyìí”, le ju kore lọ. Má gbé e dé iwájú àgbà. Doitsu, “èwo nínú wọn”, tún ni orúkọ tí wọ́n ń pe Jámánì.

Ṣé o mọ̀ pé anata, tí wọ́n ń kọ́ ọ pé “ìwọ” ni, “lọ́hùn-ún” ló jẹ́ tẹ́lẹ̀? Kare tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin lónìí náà jẹ́ “ìyẹn” nígbà kan. Ó ṣì wà nínú tasogare, ìrọ̀lẹ́ tí ojú ò ti ríran dáadáa mọ́: ta so kare, ta nìyẹn?

Ṣé o mọ̀ pé dore ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bó bá jẹ́ méjì péré ló wà níwájú rẹ, dochira ni kí o fi béèrè.