Ilé Ohun Àtijọ́ ti Ìdílé Mobee ní Àgbádárìgì

Ẹni tí ó bá gbéra ní Gowon Estate ní òwúrọ̀, tí ó gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó lọ sí Ìyànà-Ìbà, tí ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, yóò dé Àgbádárìgì kí oòrùn tó kan àtàrí, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò bá dá a dúró. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti lọ bẹ́ẹ̀ láti fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, èyí tí a kọ́ parí ní 1845, han àwọn ọmọ yín. Ilé tí a ń sọ nípa rẹ̀ lónìí kéré ju ìyẹn lọ, àwọn tí ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdílé náà sọ pé nígbà tí àwọn òyìnbó olówò kọ́kọ́ dé, bàbá ńlá wọn fi obì lọ̀ wọ́n ní èdè Ègùn. Àwọn àlejò kò gbọ́ èdè. Wọ́n rò pé orúkọ rẹ̀ ni ó ń dá fún wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Mobee títí ó fi di orúkọ ìdílé. Láti ìdí obì náà ni òwò ẹrú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn, nítorí a kò gbọdọ̀ fi bò: olówò ni Mobee, kì í ṣe ẹni tí a tà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò náà léèwọ̀ láti 1807, síbẹ̀ a ń kó ènìyàn kọjá ọ̀sà Àgbádárìgì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Sunbu Mobee, ọmọ rẹ̀, ni ìdílé ń dárúkọ pé ó kọ òwò náà sílẹ̀.

Òwò tán, irin kù nílé. Bí wọ́n bá ti sọ wọ́n sínú ọ̀sà ní òru ọjọ́ kan, ta ni ì bá bi wọ́n léèrè? Ṣùgbọ́n wọ́n fi wọ́n pamọ́, nígbà tí ó sì yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọrùn wà níbẹ̀, ti ẹsẹ̀ wà, irin tí a fi ń ti ẹnu wà pẹ̀lú. Ọmọ ìdílé ni ń ṣàlàyé wọn, àlejò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀wọ̀n náà wò.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé Ṣéríkì Faremi Williams Abass, tí ìdílé tirẹ̀ náà ń ṣọ́. Ọmọ Ìjógà ni. A mú un lẹ́rú ní kékeré, ó padà, òun náà sì di olówò ẹrú. Àwọn amọ̀nà a máa sọ pé 1840 ni a ti fi ilé oníyàrá 40 náà lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 1919 ni Ṣéríkì kú, ìṣirò náà kò sì rọrùn fún mi. Wọ́n tún sọ pé ènìyàn 40 ni a ń fi ra agboòrùn kan.

Ìjọba ní ilé ohun àtijọ́ tirẹ̀ ní ìlú náà, nínú ilé tí a kọ́ ní 1863. Ti àwọn Mobee wà lọ́wọ́ ìdílé, afẹ́fẹ́ òkun kò sì mọ ìdílé yàtọ̀ sí ìjọba: ìpáàrà ń jẹ irin lójoojúmọ́.

Ẹ̀wọ̀n ọmọdé wà láàárín wọn. Ẹ̀yin òbí tí ó bá mú ọmọ lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò fúnra yín, kí ẹ tó pinnu bóyá kí ó gbé e.