Ta ni yóò fi abúlé wa sínú máàpù?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Kútọnu sí Àjàṣẹ́, tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà, kò sí wàhálà, fóònù mọ̀ ọ́n. Láti Àjàṣẹ́ gba Sákété àti Pọ̀bẹ́ dé Kétu, títì ọlọ́dà ni, ó mọ ìyẹn náà. Àmọ́ ẹ yà kúrò lórí títì, kí ẹ wọ ọ̀nà oko. Níbi púpọ̀, ẹ ó rí i pé ojú máàpù ṣófo. Kì í ṣe pé kò sí èèyàn níbẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Kí ni máàpù gan-an?

Máàpù, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní carte nílé ìwé, kì í ṣe fọ́tò. Ohun tí ẹnì kan rí, tó béèrè, tó sì kọ sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ààlà àárín àwa àti Nàìjíríà. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ìlà sórí ìwé. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fa ìlà kò bi àwọn onílẹ̀ léèrè, àwọn ọmọ ìyá kan náà sì ń kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n tó kí ara wọn títí dòní.

Lónìí, sátẹ́láìtì ń ya àwòrán ilẹ̀ wa láti òkè. Ó ń rí òrùlé, ó ń rí títì. Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tó gba abẹ́ igi. Kò mọ̀ bóyá òrùlé kan jẹ́ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Kò sì mọ orúkọ abúlé. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè ṣe

Máàpù kan wà tó ń jẹ́ OpenStreetMap. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004. Ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó mọ̀ sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láìsanwó. OsmAnd àti Organic Maps ń lò ó lórí fóònù. Bí ẹ bá ti gba máàpù ìlú yín sílẹ̀ níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ lè lò ó nínú oko láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà? Ó ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì tó jìnnà sókè ju 20.000 kìlómítà lọ. Bó bá gbọ́ mẹ́rin, ó ti mọ̀ ọ́n. Èyí kò jẹ owó fóònù rárá, àmọ́ iná bátìrì tètè ń tán. Nítorí náà, ọmọ ilé ìwé lè ní kí fóònù máa tọ ipa ọ̀nà, kó fi sápò, kó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kẹ̀kẹ́? Ẹsẹ̀ ń pẹ́. Zemidjan ń sáré jù. Ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà oko. Kẹ̀kẹ́ kò mu ẹ̀sáǹsì, ó ń gba ibi tóóró, ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì lè dúró kí èèyàn, kó béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kí là ń pe ibí yìí?" Kó kọ kànga sílẹ̀, kó kọ ilé ìwé, ọjà, afárá. Kó kọ ibi tí omi ń dí lásìkò òjò, torí ọ̀nà tó dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè di odò nígbà òjò.

Orúkọ ńkọ́?

Ìwé ìjọba ń kọ Kétou, Savè, Ifangni. Àwa ń sọ pé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìfọ̀nyìn. Porto-Novo, àwọn Potogí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ là ń pè é, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonou. OpenStreetMap fàyè gba orúkọ méjì tàbí mẹ́ta fún ibì kan ṣoṣo, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ àgbàlagbà ni kí ẹ gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bákan náà kí ẹ tó kọ igbó orò tàbí ojúbọ sílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń fi han ayé. Ẹ má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí ilé rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, abúlé bẹ́ẹ̀ ni à ń rán wọn lọ. A ń sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ máàpù kò yẹ kó parí sára pátákó. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀ láti ìlú, awakọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí nílò ohun tó máa fọ̀nà hàn án. Àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára náà nílò rẹ̀, kí wọ́n má bàa fo abúlé kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí kò sí ilé ìwé, ẹ yá ọmọ yín ní kẹ̀kẹ́ àti fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó ti bàbá àgbà, kó gba orúkọ àwọn ọ̀nà lẹ́nu rẹ̀.