ÒYÌNBÓ NÍ ATLANTIS LÓ ṢE ORÍ IFẸ̀!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn wa! Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìta Fájì, àwọn ọmọ ń wo fíìmù Atlantis, ìlú abẹ́ òkun. Ìyá aláṣọ kan ní, "Ìlú Olókun nìyẹn!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àṣé òyìnbó kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì fi ṣàwàdà!

Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ló kọ ìtàn Atlantis tí òkun gbé mì, ó ti lé ní 2,300 ọdún. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí orí idẹ kan ní igbó Olókun. Ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, pé ará Atlantis ló ni ín!

Ìwọ̀sí rè é! Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ká làágùn tán, kí wọ́n ní àlejò ló bá wa ṣe é?

Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, wọ́n tún hú orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá. Àwọn baba wa ló fi ìda mọ ọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda kúrò, wọ́n wá da idẹ gbígbóná sí i.

Ilé-Ifẹ̀ kò rì o! Mótò ń dé'bẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín. Kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.