Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Lè Bá Àwọn Tó Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà Sọ̀rọ̀ Láti Òkèèrè

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí lè dà bí ẹni pé kò kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: bí ènìyàn ṣe lè jókòó ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, kí ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Èkó tàbí ní Paris lẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣe fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ orúkọ wa, àti àwọn ètò tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé bí lẹ́tà wa ṣe rí fún wọn, wọn á ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, àwa ni a ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ ti wà nílẹ̀. PyCon Africa, ìpàdé àwọn tó ń lo èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Python, bẹ̀rẹ̀ ní Accra ní ọdún 2019. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹgbẹ́ Masakhane, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Áfíríkà nínú kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ ní 2019 bákan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀nà ìpàdé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kò nílò físà, kò sì nílò owó ọkọ̀ òfuurufú.

1. Kí ni ó máa ń sọnù?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, yóò máa mi orí, yóò máa ní "hẹn", tàbí kí ó fajú ro. Roman Jakobson, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1960, ka iṣẹ́ mẹ́fà tí èdè ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì ṣí láàrin asọ̀rọ̀ àti olùgbọ́. "Hẹn" kò sọ ìròyìn kankan, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, asọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo olùgbọ́ ni ó ti gbohùngbohùn wọn pa, ọ̀pọ̀ sì ti pa kámẹ́rà. Ohùn ara rẹ nìkan ni wàá máa gbọ́.

Ohun kejì tó ń sọnù ni àkókò. Sacks, Schegloff àti Jefferson fi hàn ní 1974 pé àwọn ènìyàn ní ìlànà tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ní 2009, Tanya Stivers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo èdè mẹ́wàá, wọ́n sì rí i pé àlàfo tó wà láàrin ìbéèrè àti ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ní ìpíndọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ohùn ń lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé ọ̀hún, tí ìdáhùn sì ń lo ààbọ̀ mìíràn kí ó tó padà. Àlàfo 0.2 ti di 1.2, ìlọ́po mẹ́fà. Lójú asọ̀rọ̀, ó dà bí pé kò sí ẹni tó fẹ́ dáhùn, ni yóò bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ni ohùn méjèèjì yóò bá pàdé lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ni ó fà á, jíjìnnà ni.

2. Ohun tí apàlọ́ mọ̀

Àwọn baba wa ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Alẹ́ ni a ń pàlọ́, nínú òkùnkùn tí a kì í ti í rí ojú ara ẹni dáadáa. Apàlọ́ á ní "Ààlọ́ o!", ó di dandan kí àwọn ọmọ dáhùn "Ààlọ̀!" kí ó tó tẹ̀ síwájú. Bí ìtàn bá ń gùn, orin á wọlé, àwọn ọmọ á sì gbe é. Bí ègbè bá ti ń falẹ̀, apàlọ́ á mọ̀ pé oorun ti dé.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú tí wọ́n wà síbi ìfiránṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, bi wọ́n ní ìbéèrè tí nọ́ńbà kan péré lè dáhùn. Má ṣe ní "ṣé ó yé yín?", nítorí kò sí ẹni tí yóò ní kò yé òun. Bí o bá bi wọ́n, ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ kí o tó tún ya ẹnu.

3. Àpẹẹrẹ kan: ọkọ́

Má ṣe fi ìtàn èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ́kọ́ rí ohun tó bàjẹ́, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà àtúnṣe rẹ̀. Kọ "ọkọ́" lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì ní kí Python sọ bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó lè dáhùn pé False. Bí ẹnu bá ti yà wọ́n tán, ṣàlàyé.

Unicode fún "ọ" ní nọ́ńbà kan, U+1ECD. Kò fún "ọ́" ní tirẹ̀. Ẹnì kan lè kọ U+1ECD, kí ó fi àmì òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè kọ "ó", U+00F3, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà yàtọ̀ sí nọ́ńbà. Àtúnṣe rẹ̀ ni unicodedata.normalize, tí yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Ẹ̀yìn èyí ni kí o wá gbé ọ̀rọ̀ tiwa kalẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɔ ni a fi ń kọ ohùn yìí nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, U+0254 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Normalize kò mọ̀ pé ɔ àti ọ jẹ́ ìyekan. Ọ̀pọ̀ ètò ìwákiri ni ó máa ń bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di "oko" pátápátá, bẹ́ẹ̀ oko tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n "ɔkɔ́" á di "ɔkɔ". Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó ń wá ọkọ́ kò ní rí ohun tí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kọ nípa ọkọ́. Èdè kan náà ni, ètò kọ̀ǹpútà ti pín in sí méjì. Ta ni yóò sọ fún wọn bí kò bá ṣe àwa tí ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì yé?

4. Lẹ́tà lójú àwòrán

Àwọn ètò ìpàdé máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ó lè fúyẹ́ lójú ọ̀nà. Àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn wà lára ohun tó ń tètè parẹ́, a ó sì máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ ọ àti o fún àwọn tí kò rí i. Nítorí náà, jẹ́ kí lẹ́tà rẹ tóbi gan-an. Lo dúdú lórí funfun, nítorí àwọ̀ ni wọ́n máa ń dín kù jù. Sọ àmì náà lẹ́nu bí o ti ń fi í hàn. Lékè gbogbo rẹ̀, fi kóòdù ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Kóòdù ọgọ́rùn-ún ìlà kò sábà tó kilobáìtì mẹ́wàá, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára á rí i gbà, bí iná bá sì lọ ní ọ̀dọ̀ rẹ, wọ́n á ṣì ní nǹkan lọ́wọ́.

5. Má ṣe dá a ṣe

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Douglas Engelbart jókòó nínú gbọ̀ngàn ní San Francisco, ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó wà ní Menlo Park hàn, ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà síbẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀hún tí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Ìwọ náà, wá ẹnì kan tí yóò máa ka ìbéèrè tí wọ́n kọ, tí yóò sì sọ fún ọ bí ohùn rẹ bá ń gé. Òun ni ẹlẹ́gbè rẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, wákàtí kan péré ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni kan tó gbọ́ ọ tí ó sì tún ètò rẹ̀ ṣe ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ rí tún orúkọ wọn kọ. Bí ojú kò bá rí ojú, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa ríran.