Ìborùn Tí Owó Kò Lè Rà: Ohun Tó Ń Mú Èrè Ìkẹyìn Géèmù Dùn

Nínú Old School RuneScape, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí ẹja pípa tàbí igi gígé, láti ìpele 1 dé ìpele 99 gbọ́dọ̀ kó máàkì ìrírí 13,034,431 jọ. Tó bá dé ìpele 92, ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ìpele méje tó kù yẹn nìkan gba iṣẹ́ tó tó gbogbo èyí tó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì máa rí gbà nígbẹ̀yìn ni ẹ̀tọ́ láti wọ ìborùn aláwọ̀ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, àwọn èèyàn kárí ayé ń fi oṣù gbọọrọ lé ìborùn yìí, bí ìpele 99 bá sì kù díẹ̀, wọ́n á ké sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú géèmù pé kí wọ́n wá ṣẹlẹ́rìí.

Lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Epe, láti Ikate dé abẹ́ bíríìjì Ajah títí lọ sí Sangotedo, bọ́ọ̀lù orí PlayStation ló gba ilé géèmù kan: ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Géèmù akọni kì í ṣe ti àárín èrò bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbá a, lórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù, ọ̀pọ̀ ìgbà lóru nígbà tí dátà bá dínwó. Ẹni tó ń gbá a á yan ẹ̀dá kan, á sọ ọ́ lórúkọ, á sì máa tọ́ ọ dàgbà fún oṣù tàbí ọdún nínú ayé tí òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì jọ ń gbé. Bí ìtàn bá tán, tí akọni náà sì ti dé ìpele tó ga jù, géèmù kò ní parí. Ibẹ̀ ni ogun tó le jù wà, ibẹ̀ náà ni èrè tó ṣọ̀wọ́n jù wà. Endgame ni àwọn agbágéèmù ń pè é. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá mọ irú èrè tó yẹ kó fi síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn èèyàn á fi kó ẹrù wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ìgbà tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ti wà. Ní 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a gbé e dé ibi tó dé. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kó máàkì tó pọ̀ tó jọ á di oṣó. Oṣó ní agbára tí ará yòókù kò ní, ó sì lè dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣì ń gun òkè bọ̀. Èrè ìkẹyìn àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe idà, kì í ṣe wúrà. Ipò ni, iṣẹ́ sì so mọ́ ọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí èrè bá dé? Ní 1997, Wolfram Schultz, Peter Dayan àti Read Montague gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Schultz ti ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú èròjà dopamine jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Nígbà tí ọ̀bọ náà kọ́kọ́ rí omi èso láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ta kìjí. Nígbà tó ti wá mọ̀ pé àmì kan máa ń hàn kí omi èso tó dé, àmì náà ni wọ́n ń ta kìjí sí, omi èso fúnra rẹ̀ kò mì wọ́n mọ́. Bí àmì bá sì hàn tí omi èso kò wá, ṣe ni wọ́n á dákẹ́ lásìkò gan-an tó yẹ kó dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a retí àti ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà.

Àwọn tó ń ṣe géèmù mọ èyí dunjú. Ẹ̀bùn tó bá dájú jù kì í pẹ́ sú èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oríire sí i. Nínú Genshin Impact, tí miHoYo ti Shanghai gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2020, àǹfààní àtirí ẹ̀bùn oníràwọ̀ márùn-ún nígbà tí èèyàn bá ń fa akọni jẹ́ ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìfà kọ̀ọ̀kan. Bí ìfà bá pé 90 láìrí i, dandan ni kó jáde. Èèyàn lè fi sùúrù kó ìfà wọ̀nyí jọ, ó sì lè fi owó gidi rà á. Oríire bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀ láti mú èèyàn padà wá lọ́la. Àmọ́ pípadà wá yàtọ̀ sí kí ọkàn èèyàn kún. Kent Berridge ti Yunifásítì Michigan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà hára gàgà fún nǹkan yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà gbádùn rẹ̀. Èèyàn lè máa lé nǹkan kiri tí kò dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Ẹni tó bá ti fi gbogbo dátà oṣù kan fa ìfà lórí fóònù á mọ ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe gbé èrè kalẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Kí World of Warcraft tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2004, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, ẹni tó bá gbá a pẹ́ jù ni máàkì ìrírí rẹ̀ máa ń dínkù sí ìdajì. Inú bí àwọn èèyàn. Rob Pardo, ọ̀kan lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà, ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe: iye máàkì kò yí padà, wọ́n kàn pe èyí tó pọ̀ ní ẹ̀bùn ìsinmi, wọ́n sì pe èyí tó kéré ní iye tó yẹ gẹ́lẹ́. Ìráhùn dópin.

Ohun tó ba ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ jù ni Diablo III ṣe, ó sì tọ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Blizzard gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún 2012, láìpẹ́ lẹ́yìn náà wọ́n dá ọjà kan sínú rẹ̀ níbi tí èèyàn ti lè fi owó gidi ra ìkógun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí dé dọ́là 250. Ète géèmù náà ni pé kí èèyàn pa ẹ̀dá burúkú, kí ó sì rí ìkógun tó dára lára rẹ̀. Ìgbà tí ọjà dé, ọ̀nà tó yá jù láti rí idà tó dára ni pé kí èèyàn má jagun rárá, kí ó lọ rà á. Idà náà kò yí padà, mímú rẹ̀ kò dínkù. Síbẹ̀ kò dùn mọ́. Blizzard ti ọjà náà pa ní 18 oṣù Kẹta 2014, wọ́n sì tún ọ̀nà tí ìkógun ń gbà jábọ́ tò kí èyí tó bá oníkálukú mu lè máa wá láti ojú ogun fúnra rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ìborùn iná nínú RuneScape. Láti rí i, akọni kan ṣoṣo á wọ inú ihò, á ja ìjà onípele 63, á sì bá ẹbọra tó ń jẹ́ TzTok-Jad pàdé ní ìparí. Jad lè fi idán kọlu èèyàn, ó lè fi òkò kọlu èèyàn, bó sì ṣe gbé ẹsẹ̀ nìkan ni èèyàn fi lè mọ èyí tó ń bọ̀ kí ó yí àdúrà ààbò rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ìkọlù rẹ̀ bá wọlé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹni, gbogbo làálàá ìpele 62 á sì dòfo. Ìborùn náà kò ṣeé tà, kò ṣeé fi tọrẹ. Ní 2017 wọ́n tún fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ kún un, onípele 69. Àwọn kan ń sanwó fún ẹlòmíràn láti wọlé lórúkọ wọn lọ gba ìborùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lòdì sí òfin Jagex, ilé-iṣẹ́ Cambridge tó ṣe géèmù náà. Ohun tí wọ́n ń fi owó wá ni ojú tí ará yòókù á fi wò wọ́n.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lára ẹ̀bùn, tó wọ àárín àwùjọ. Ọ̀ta ayò kì í gba kọ́bọ̀ nídìí ọpọ́n. Àwọn tó yí i ká tí wọ́n rí bó ṣe ta ni èrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Molten Core, ibi tí èèyàn 40 ti gbọ́dọ̀ jọ jagun nínú World of Warcraft ayé àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ idà Thunderfury gbọ́dọ̀ rí apá méjì kan tó ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan lára Garr, ọ̀kan lára Baron Geddon, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni àǹfààní ń wá lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn 40 jagun, ìkógun kò tó nǹkan: ta ló máa mú un? Ṣáájú ìgbà náà, ẹgbẹ́ Afterlife nínú EverQuest, géèmù tó jáde ní 1999, ti dá ìlànà DKP sílẹ̀. Ẹni tó bá wá sójú ogun ń gba máàkì, máàkì yìí ni yóò sì fi gba ìkógun lọ́jọ́ tí èyí tó wù ú bá jábọ́. Àwọn agbágéèmù fúnra wọn ló ṣe òfin yìí, ilé-iṣẹ́ kọ́. Wọ́n rí i pé èrè tí wọn kò bá pín bó ṣe yẹ á tú ẹgbẹ́ ká, bó ti wù kí ó dára tó.

Fún ẹni tó ń gbé Ajah tàbí Badore, ọ̀tá kan tún wà tí kò sí nínú ìtàn: ọ̀nà jíjìn. Ó yani lẹ́nu, nítorí etíkun Lekki gan-an ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun ń gúnlẹ̀ sí. MainOne tí Funke Opeke dá sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 2010. Okùn rẹ̀ gùn tó 7,000 kìlómítà, láti Seixal lẹ́bàá Lisbon wá sí Èkó. Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí etíkun Elegushi ní oṣù Kẹrin 2022. Àmọ́ orí server tó wà lókè òkun ni ọ̀pọ̀ ogun náà ti ń jà. Géèmù Final Fantasy XIV pín server rẹ̀ sí Japan, Àríwá Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Oceania. Áfíríkà kò sí níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin bí 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan nínú okùn, nítorí náà ó kéré tán mìlísẹ́kọ́ńdì 35 ló máa lò kó tó dé Pọ́túgà, 70 ní àlọ àti àbọ̀, ká tó wá ka ìrìn orí ilẹ̀ àti ti network fóònù mọ́ ọn.

Bóyá ìyẹn ṣe pàtàkì tàbí kò ṣe pàtàkì, ọwọ́ ẹni tó ṣe géèmù ló wà. Old School RuneScape ń ka gbogbo ìṣe ní ìdá 0.6 sẹ́kọ́ńdì. Bí network bá dúró déédéé, ìdádúró mìlísẹ́kọ́ńdì 100 tàbí 150 wọ inú àlàfo yẹn, ẹni tó wà ní Langbasa sì lè dojú kọ Jad bí ẹni tó wà ní London. Ohun tó burú ni kí network máa já. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, okùn MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí etíkun Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ogun tó le jù nínú Final Fantasy XIV jẹ́ ti èèyàn mẹ́jọ, ó sì lè gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láìsinmi. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, èèyàn méje mìíràn ló máa bá a kú.

Nítorí náà, ìborùn kan náà wọ́n ní Ajah ju bó ṣe wọ́n ní Cambridge lọ. Ẹni tó bá rí i níhìn-ín ní ohun tó pọ̀ jù láti yangàn lé lórí. Èrè tí wọ́n so mọ́ wíwọlé lójoojúmọ́ ni kò dára fún irú ibi báyìí, torí ó ń fi ìyà jẹ ẹni tí iná rẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan sàn jù. Èyí tó dára jù ni ogun tó máa dúró de èèyàn títí yóò fi ṣe tán.

Àwọn kan rò pé owó ni yóò yanjú ohun gbogbo. Ní 2021, géèmù Axie Infinity ń fi owó dìgítà tó ń jẹ́ SLP san èrè fún àwọn tó ń gbá a, Nestcoin tí Yele Bademosi dá sílẹ̀ sì kó àwọn agbágéèmù Áfíríkà jọ sábẹ́ Metaverse Magna. SLP kan ju ọgbọ̀n sẹ́ńtì dọ́là lọ láàárín ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹta 2022, àwọn olè wọ Ronin, ètò tó gbé Axie ró, wọ́n sì kó ohun tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kí ọdún náà tó parí, SLP kan kò tó sẹ́ńtì kan mọ́. Bí owó ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni èrò lọ. Ìwádìí kan tí Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣe ní 1973 lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ yẹn lo bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò nídìí àwòrán nígbà tí kò sí ẹ̀bùn mọ́.

Èrè kan wà tí Yorùbá ní lọ́wọ́ tí géèmù kò tíì lò tó bó ṣe yẹ: oríkì. Oyè tí géèmù òde òní ń fúnni kì í ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ. Oríkì ń gùn sí i bí iṣẹ́ akọni bá ṣe ń pọ̀, kò ṣeé rà lọ́jà, ó sì nílò ẹni tó rí i kó tó lè kì í. Kiro'o Games ti Yaoundé ti gbé Aurion, géèmù akọni tó fìdí múlẹ̀ nínú àṣà Áfíríkà, jáde ní 2016, Maliyo Games ti Èkó sì bá Disney ṣe Iwájú: Rising Chef ní 2024, nítorí náà ọwọ́ tó lè ṣe é wà nítòsí. Géèmù tí akéwì inú rẹ̀ bá ń kì ẹni tó ṣẹ́gun lójú gbogbo àwọn tó wà lójúde, tó sì ń fi ìlà tuntun kún un lẹ́yìn ogun kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ wà lórí server tí kì í já. Lekki ní ibi tó lè gbé e: Equinix ra MainOne ní 2022 pẹ̀lú 320 mílíọ̀nù dọ́là, ilé dátà rẹ̀ sì wà ní Lekki. Láti Ajah dé ibẹ̀ kò tó 30 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ á sì ti lọ, á ti bọ̀, kí mìlísẹ́kọ́ńdì kan tó pé. Ohun tó máa kù ni ìrìn àárín fóònù àti òpó network, àti iná.